Okùn àti wáyà tí ó yẹ ọkọ̀ ìgbòkun kékeré

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé òun ra àlòkù ọkọ̀ ìgbòkun kan. Igi ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà, gígùn rẹ̀ tó mítà 5, òpó rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, ó sì ní ìgbòkun méjì: èyí ńlá àti èyí tó wà níwájú òpó. Orí omi iyọ̀ ni òun àti ẹnì kejì rẹ̀ yóò ti máa lò ó. Wáyà mẹ́ta tó di òpó mú, tí ìnípọn wọn jẹ́ milímítà 3, ti gbó. Fọ́nrán irin ti já lára ọ̀kan, ó sì ti ń gún ọwọ́. Àwọn okùn tí ó fi ń ta ìgbòkun náà ti gan bí igi. Ẹnì kan gbà á níyànjú pé kí ó kó gbogbo wáyà náà dànù, kí ó fi okùn Dyneema, irú okùn oníke kan, rọ́pò wọn nítorí pé ó lágbára ju irin lọ. Ẹlòmíràn ní kí ó ra wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò, nítorí pé kò wọ́n. Ẹnì kẹta ní ohun yòówù tí ó bá rà, kí ó ṣáà ti nípọn dáadáa. Ó wá bi mí pé ta ni kí òun gbọ́ nínú wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí ẹ tó náwó. Lójú tèmi, ibì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣìnà: agbára okùn nìkan ni wọ́n ń wò. Lórí ọkọ̀ tó kéré bí tiyín, agbára kì í sábà jẹ́ ohun tó wọ́n. Okùn tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ lè gbé ẹrù tó ju ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó ń dójú ti àwọn tó ń ta ìgbòkun ni okùn tó ń nà nígbà tó yẹ kó le, okùn tí nǹkan ń ha lójú kan náà lójoojúmọ́, okùn tí oòrùn ti jẹ, àti, ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìpẹ̀kun okùn, níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe okùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Iṣẹ́ méjì ni okùn ń ṣe lórí ọkọ̀ ìgbòkun. Àwọn kan wà tí a so mọ́lẹ̀ tí wọn kì í kúrò lójú kan, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí òpó má wó lọ. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní okùn ìdìmú òpó. Àwọn yòókù ni à ń fà tí a sì ń tú: okùn ìfàsókè tó ń gbé ìgbòkun lọ sókè òpó, àti okùn ìdarí tó wà lọ́wọ́ yín tí ẹ fi ń mú ìgbòkun súnmọ́ ọkọ̀ tàbí tí ẹ fi ń sún un síta. Àwọn ọkọ̀ kan wà, irú bí Optimist tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìtukọ̀ àti ILCA tí a mọ̀ sí Laser tẹ́lẹ̀, tí wọn kò ní okùn ìdìmú òpó rárá, nítorí pé òpó wọn wọ inú ọkọ̀ ṣinṣin débi pé ó lè dá dúró. Tiyín kì í ṣe irú wọn. Bí ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta yẹn bá já nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú ìgbòkun, òpó yóò wó, ó sì lè wó lé ènìyàn lórí. Nítorí náà, àwọn ni a ó kọ́kọ́ yanjú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹrù tí wáyà ẹ̀gbẹ́, èyí tó di òpó mú lọ́tùn-ún tàbí lósì, ń gbé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ẹrù yìí láìmọ bó ṣe tó. Afẹ́fẹ́ kò lè fa wáyà ju bí ọkọ̀ ṣe lè bá a wọ̀yá ìjà lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá borí ọkọ̀, ṣe ni ọkọ̀ yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹrù tó wà lára wáyà kò sì ní pọ̀ sí i mọ́. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì wọn kílò 75 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí ẹ jókòó sétí ọkọ̀ tí ẹ sì fẹ̀yìn síta títí ìwúwo yín fi wà ní nǹkan bíi mítà 1 sí àárín ọkọ̀. Kílò 150 ní ìlọ́po mítà 1 jẹ́ 150. Ara ọkọ̀ náà yóò fi tirẹ̀ kún un, ẹ jẹ́ ká pè é ní 50, ó di 200. Bí ibi tí wáyà ti kan ara ọkọ̀ bá jìnnà sí ìdí òpó ní mítà 0.7, ẹ fi 0.7 pín 200, ẹ ó rí i pé ẹrù ara wáyà jẹ́ nǹkan bíi kílò 285. Ìgbì kì í sì í gbá ọkọ̀ ní pẹ̀lẹ́, nítorí náà a ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, yóò di nǹkan bíi kílò 710. Wáyà stainless (irin tí kì í tètè dípẹtà) oní-fọ́nrán 19, tí ó nípọn ní milímítà 3, máa ń já ní nǹkan bíi kílò 700, ti milímítà 4 sì ju kílò 1,200 lọ. Ẹ̀yin náà rí i pé ìṣirò yìí bá wáyà tó wà lára ọkọ̀ yín mu. Ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ náà mọ ohun tó ń ṣe.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ìmọ̀ràn ẹni kẹta yẹn. Bí ẹ bá fi wáyà milímítà 4 sórí pínnì àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún milímítà 3, agbára kò pọ̀ sí i rárá, nítorí pé ibi tó rọ̀ jù lọ ni gbogbo rẹ̀ yóò ti já. Ẹ kàn fi ìwúwo kún orí òpó ni. Ìwúwo lókè òpó sì burú fún ọkọ̀ kékeré ju ìwúwo nínú ikùn rẹ̀ lọ, nítorí pé òun ni yóò máa ti ọkọ̀ ṣubú síwájú sí i nígbà tó bá ti fẹ̀gbẹ́. Ẹ dúró lórí milímítà 3, àfi bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo irin tí wáyà náà so mọ́ lókè àti nísàlẹ̀.

Nísinsìnyí, wáyà wo ni? Kì í ṣe gbogbo wáyà stainless ló rí bákan náà, ẹ ó sì ní láti wo ohun méjì. Èkíní ni bí wọ́n ṣe lọ́ ọ. Èyí tí wọ́n lọ́ fọ́nrán 19 tó nípọn díẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í fẹ́ tẹ̀, kì í sì í nà púpọ̀. Òun ló yẹ fún ohun tí yóò dúró lójú kan. Èyí tó ní fọ́nrán 49, tí wọ́n lọ́ ní méje-méje lọ́nà méje, rọ̀ jù ú lọ. Èyí tó ní fọ́nrán 133 ni ó rọ̀ jù lọ, tí ó lè yí kẹ̀kẹ́ okùn ká láìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń nà ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn fọ́nrán rẹ̀ tó tín-ín-rín sì tètè ń jẹ. Mo ti rí àwọn tó ra oní-133 fún ìdìmú òpó nítorí pé ó rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án lórí àtẹ, tí òpó wọn sì ń mì láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sí i.

Ohun kejì ni irú irin náà. Ẹ béèrè fún 316, kì í ṣe 304. Ìyàtọ̀ wọn ni pé molybdenum, irú mẹ́táàlì kan, wà nínú 316, ní nǹkan bí ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, èyí sì ni ó ń jẹ́ kí ó lè bá iyọ̀ gbé. Lórí odò tí kò níyọ̀, 304 lè ṣe é. Lórí omi iyọ̀, ìpẹtà yóò ti hàn lára rẹ̀ kí ó tó pẹ́. Síbẹ̀, 316 pàápàá nílò afẹ́fẹ́. Awọ tín-ín-rín kan tí ojú kò lè rí ni ó ń dáàbò bo irin stainless, afẹ́fẹ́ sì ni ó ń tún awọ yẹn ṣe nígbàkigbà tí nǹkan bá ha á. Ibi tí omi iyọ̀ bá dúró sí tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọ̀, ibẹ̀ ni irin ti ń jẹ láti inú wá. Nítorí èyí, ẹ má ra wáyà tí wọ́n fi ọ̀rá wọ̀ lára, bó ti wù kó dán tó, ẹ má sì fi téèpù wé ẹnu wáyà pinpin ní ìrètí pé ẹ ń dáàbò bò ó. Ọ̀rá náà yóò mú omi iyọ̀ dání sínú, kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò, n kò ní bú u. Agbára rẹ̀ tó, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ní ìwà rere kan tí stainless kò ní: ó máa ń fi àìsàn rẹ̀ hàn síta. Nígbà tí síǹkì bá tán lára rẹ̀, ìpẹtà pupa yóò yọ síta ní gbangba, ẹ ó sì mọ̀ pé ìgbà pípààrọ̀ ti dé, nígbà tí stainless lè máa dán títí di ọjọ́ tí yóò já. Lórí ọkọ̀ àtijọ́ tí gbogbo irin rẹ̀ jẹ́ onísíǹkì, mo lè fọwọ́ sí i, bí ẹni tó ni ín yóò bá máa fi òróró pa á. Ṣùgbọ́n irin tó wà lórí ọkọ̀ yín jẹ́ stainless. Bí ẹ bá so onísíǹkì mọ́ stainless nínú omi iyọ̀, síǹkì ni yóò máa fi ara rẹ̀ jìn fún èkejì, yóò sì tán kíákíá níbi tí wọ́n ti fara kanra, èyí tí í ṣe ibi tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ó ku Dyneema. Òótọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ sọ pé ó lágbára. Bí a bá fi agbára okùn Dyneema àti ti wáyà tí wọn jọ wúwo bákan náà wéra, okùn ni yóò borí gan-an. Ó fúyẹ́ débi pé ó ń léfòó lórí omi. Kì í dípẹtà, ó rọrùn láti ká sínú àpò, ẹ sì lè hun ojú rẹ̀ fúnra yín nílé láìlo ẹ̀rọ kankan. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé bí ẹrù bá wà lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ó máa ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀ láìpadà sẹ́yìn. Kì í ṣe nínà bíi ti rọ́bà tó ń padà. Gígùn tó ti lọ nìyẹn. Irú èyí tí wọ́n pè ní SK78 kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó SK75 tó ṣáájú rẹ̀, èyí tí wọ́n sì ti fi iná nà tẹ́lẹ̀ nílé iṣẹ́ tún sàn jù fún ìdìmú òpó. Nítorí èyí ni a kì í fi agbára nìkan yan ìnípọn Dyneema. Dípò wáyà milímítà 3, okùn milímítà 5 ni mo máa ń lò. Ó lè gbé ẹrù tó lé ní tọ́ọ̀nù méjì, ó sì ju ohun tí òpó yín nílò lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìnípọn yẹn ni kò ní jẹ́ kí ó máa gùn sí i lábẹ́ ẹrù ojoojúmọ́.

Ohun méjì mìíràn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Bí òtútù bá mú, òpó alumíníọ̀mù yóò súnkì díẹ̀, ṣùgbọ́n Dyneema kì í bá a súnkì. Ńṣe ni ó ń gùn díẹ̀. Okùn tí ẹ fà le lọ́sàn-án gangan lè ti dẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ̀wẹ̀, ó kórìíra kí nǹkan máa ha á, ó sì kórìíra ooru. Ní nǹkan bíi 150 lórí ìwọ̀n Celsius, ó ti yọ́. Ibi tí irin bá ti mú bí abẹ ní orí òpó tàbí ní orí apá òpó tó na wáyà síta, yóò gé e láìpẹ́, níbi tí wáyà ì bá ti kàn dán díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó tí a ń ta sí okùn. Ara Dyneema ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kókó tó di polyester, okùn oníke mìíràn, mú lè tú lára rẹ̀, èyí tí kò bá sì tú yóò gba bí ìdajì agbára okùn náà. Híhun ni kí ẹ hun ojú rẹ̀: ẹ ó ti ìrù okùn wọ inú okùn fúnra rẹ̀, kí ó sì wọlé tó ìlọ́po 72 ìnípọn rẹ̀. Fún milímítà 5, sẹ̀ǹtímítà 36 nìyẹn. Ẹ ó wò ó pé ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ yín yóò sì máa yún yín láti gé e kúrú. Ẹ má gé e. Kò sí àtè kankan tó dì í mú nínú lọ́hùn-ún. Bí ẹrù bá ṣe ń wá sí i lára ni èèpo ìta ń fún ìrù náà, ìfúnpọ̀ yẹn nìkan ni ó sì dì í mú. Ẹ tín-ín-rín orí ìrù náà kí ẹ tó tì í wọlé, kí okùn má baà yọ gọngọ níbi tó parí sí, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ọrùn rẹ̀ kí ó má tú nígbà tí kò bá sí ẹrù lára rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi fún ọkọ̀ yín ni pé kí ẹ fi wáyà stainless 316 oní-fọ́nrán 19 ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe pé Dyneema kò dára. Mo ń lò ó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin orí òpó yín ti bá wáyà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wáyà sì ti gbẹ́ ojú ọ̀nà mímú sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ gbé okùn sí irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi páálí oníyanrìn dán gbogbo rẹ̀ títí ìka yóò fi yọ̀ lórí rẹ̀, kí ó sì máa tún okùn fà le léraléra ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ní ohun mìíràn láti kọ́.

Mo sọ lókè pé ìpẹ̀kun okùn ló ṣe pàtàkì jù. Òpó kan wó lójú mi rí lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò le rárá. Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ jáde nínú omi, wáyà rẹ̀ pé pérépéré, kò sí fọ́nrán kan tó já. Irin ayíde tí a fi ń fa wáyà le nísàlẹ̀ ni ó ti tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń mì, nítorí pé ẹnì kan gbàgbé láti ti pínnì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì bọ ihò rẹ̀. Pínnì náà kò gùn tó èékánná. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbéra létí omi kí n tó fọwọ́ kan pínnì kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe ẹnu wáyà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó yẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù lù ú. Bí ó bá jẹ́ òrùka ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ mọ́ ọn, òrùka bàbà ni kí wọ́n lò fún stainless, kì í ṣe ti alumíníọ̀mù, nítorí pé omi iyọ̀ yóò jẹ alumíníọ̀mù náà tán lára stainless. Ìwà kan náà ni ó ń ba òpó jẹ́ níbi tí wọ́n ti kan irin stainless mọ́ ọn: ẹ tú àwọn irin náà, bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lábẹ́ wọn, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ọ̀rá pẹlẹbẹ tàbí ọ̀dà tí wọ́n ń lò fún un sáàárín irin méjèèjì kí ẹ tó dá a padà. Ibi tí wáyà bá ti so mọ́ ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè yí síwájú, sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wáyà tí ẹnu rẹ̀ dúró gan-an, tí ọkọ̀ sì ń mì án, yóò ṣẹ́ bí a ṣe ń ṣẹ́ irin tín-ín-rín nípa títẹ̀ ẹ́ lọ títẹ̀ ẹ́ bọ̀.

Ní ti okùn tí à ń fà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Okùn ìfàsókè ni kò gbọ́dọ̀ nà. Bí mítà 7 okùn bá nà ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, sẹ̀ǹtímítà 7 nìyẹn, etí iwájú ìgbòkun yóò sì sọ kalẹ̀, yóò ṣẹ́ po léraléra lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ọkọ̀ kò sì ní lè dojú kọ afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́. Ẹ ra okùn milímítà 6 tí inú rẹ̀ jẹ́ Dyneema tí èèpo rẹ̀ sì jẹ́ polyester. Dyneema ni kò ní jẹ́ kí ó nà, èèpo náà ni irin ìsokùn yóò rí dì mú. Bí owó kò bá tó, polyester tí wọ́n ti nà tẹ́lẹ̀ nílé iṣẹ́ yóò ṣe é. Fún okùn ìdarí, ọwọ́ yín ni kí ẹ wọ̀n. Okùn milímítà 4 tó láti gbé ẹrù náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan, yóò ti gé àtẹ́lẹwọ́ yín. Polyester milímítà 8 tí wọ́n hun, tí ara rẹ̀ rí bí òwú díẹ̀, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rí i pé kẹ̀kẹ́ okùn tí yóò gbà kọjá fẹ̀ tó láti gbà á láìfún un. Náílọ̀n ń nà púpọ̀, nítorí náà kò yẹ fún ìgbòkun, ṣùgbọ́n nínà yẹn gan-an ni ó mú kí ó dára fún okùn ìdákọ̀ró, tó ní láti fara da kí ìgbì máa já ọkọ̀ gbà. Okùn polypropylene tó ń léfòó, tí ó sì máa ń pọ̀ lọ́jà, kò lè fara da oòrùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ yóò máa já sí yín lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ti fi wáyà tuntun sí i, ẹ máa fi òwú rírọ̀ tí wọn kò tíì ran yí i ká, kí ẹ sì fà á láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ yín bá dé. Fọ́nrán tó bá ti já, bó ti wù kó kéré tó, yóò fa òwú náà já, yóò sì dá funfun rẹ̀ sára, ọwọ́ yín kò sì ní ṣẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan ṣoṣo, wáyà náà ti parí iṣẹ́. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ẹnu wáyà méjèèjì nígbà tí ẹ bá ti orí omi dé. Ìlà pupa bí omijé láti ẹnu irin, tàbí ìsán tó tín-ín-rín bí irun lára ẹnu náà, kì í ṣe ohun tí a ń nù kúrò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Wáyà tí ó ti lo ọdún 10 lórí omi iyọ̀, àní bí kò tilẹ̀ ní àléébù tí ojú rí, n kò ní gbé ẹlòmíràn wọ ọkọ̀ tí ó dì mú.

Ẹ má sì tíì ju àwọn wáyà àtijọ́ náà nù. Ẹ nà wọ́n gbọọrọ sílẹ̀, kí ẹ fà wọ́n le díẹ̀, kí ẹ wọ̀n wọ́n láti àárín pínnì òkè dé àárín pínnì ìsàlẹ̀, pẹ̀lú irin ayíde náà ní ìdajì ìṣísílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gbé gígùn yẹn lọ fún ẹni tí yóò ṣe tuntun. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba lára àwọn tó ti gbó, èyí tó gùn jù nínú wọn ti nà, nítorí náà ẹ mú ìwọ̀n èyí tó kúrú.